Wọ́n Ní Mo Ti Ń Rí Wọn Tipẹ́

Dókítà Fáṣínà, ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó! N ò jókòó! Ẹ ti ba tèmi jẹ́, ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá, ẹ wá ń fi súìtì lọ̀ mí? Ó dáa, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n n ò jókòó o!

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá síbí, lẹ́yìn Kérésì ọdún 1987, tí mo kúnlẹ̀ kí kóòtù funfun yín tó kọ́ sára ìṣó pé "Ẹ káàárọ̀ sà"? Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn! Ẹni tí kò bá sún mọ́ mi débi tí mo ti lè gbóòórùn pọ́ńdà ara rẹ̀, òjìji ni lójú mi. Àwọn àgbààgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Fourth Avenue, àdúgbò wa, màá kọjá lọ ràì, n ò ní kí ẹnì kan. Wọ́n ní ọmọ Adébánjí ti ya agbéraga. Tí mo bá ní kí n wo awò, ìyá mi á ní ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò?

Ẹ̀yin wá ti Amẹ́ríkà dé, ẹ gbé lẹ́ńsì yín jáde, pínníṣín bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ ní kí n máa fi í sójú sùn, yóò máa rọra tẹ ẹyinjú mi títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí n yọ ọ́ láàárọ̀, kí n sì máa ríran kedere títí dalẹ́. Ẹ ní tí n kò bá fi sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ojú á padà sí bó ṣe wà. Àbí mo parọ́ mọ́ yín? Mo sùn, mo jí, yéè! Mo rí aláǹgbá lórí òrùlé ilé kejì, mo ń ka èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀! Mo rí Bíọ́dún, àfẹ́sọ́nà mi, tó ń bọ̀ lókèèrè, mo rí i pé etí rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Inú mi dùn débi pé mo ń kí ènìyàn, mo ń kí ewúrẹ́!

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé! Lọ́jọ́ Àìkú, mo jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí ìyá Bíọ́dún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹ mọ irú wọn, nídìí mọ́tò lọ́hùn-ún, ó jìnnà tó ibí sí Agboju. Mo sáré lọ, mo fi orúnkún gúnlẹ̀ gbì: "Ẹ káàsán mà, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí àwọn ẹyẹ kéékèèké tó wà lára gèlè yín, wọ́n wù mí!" Ṣé ìyẹn burú? Àṣé ẹnu mi ló máa kó bá mi! Màmá wò mí tòkè tilẹ̀. "Ọmọ́ṣaléwá, o rí ẹyẹ ara gèlè láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, o ò wo awò. Lọ́dún tó kọjá, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, tí o gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé òpó iná ni mí, o ò rí odindi èmi?" Mo ní ojú mi ni mà. Wọ́n ní ojú wo? Mo ní lẹ́ńsì ni mo fi ń sùn. Wọ́n ní ta ní í wo awò sùn, ṣé àlá ni mo fẹ́ kà ni? Gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tó dúró tì wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Màmá ní ọmọ àwọn kò ní fẹ́ ẹni tó ń rí àgbà, tó ń ṣe bíi pé òun ò rí wọn. Ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Dókítà! Wọ́n ní kò sí ìdána mọ́!

Ta ló fà á? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin? Ká ní ẹ jẹ́ kí n máa táràrà kiri ni, ẹ̀bi wo ni wọn ì bá rí dá mi? Wọn ì bá ní ojú ń dùn ún, wọn ì bá sì fi mí ṣaya! Bíọ́dún ń bẹ̀ wọ́n, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, mo sì ń rí omijé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi Ọlọ́run búra, ó dùn mí dé egungun.

Nítorí náà, ẹ gba lẹ́ńsì yín! Ẹ gbà á! Kí ojú mi padà sí ti tẹ́lẹ̀, kí Màmá na ìka sókè kí n má lè kà á. Ẹ̀yin náà á tẹ̀ lé mi lọ, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ó sì ṣàlàyé ohun tí ẹ fi ojú ọmọ ọlọ́mọ ṣe!

Kí lẹ wí? Kí n rẹ ohùn sílẹ̀? Pé ẹnì kan ń bọ̀ wá yẹ ojú wò ní aago mẹ́wàá, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun wá? Kó máa bọ̀! Kó wá gbọ́! Kí ló kàn mí pẹ̀lú...

Háà. Dókítà. Ẹ wá wo ojú fèrèsé. Ta nìyẹn lódìkejì títì? Ìyá Bíọ́dún ni! Wọ́n ń sọdá bọ̀! Mo kúnlẹ̀ o, mo ti kúnlẹ̀, ẹ káàárọ̀ mà! Wọ́n ń wò mí tààrà, wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n tún ń... Dókítà, wọn ò rí mi! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi ọlọ́sàn: "Jọ̀ọ́, níbo ni ilé dókítà ojú?" Abẹ́ pátákó yín ni wọ́n dúró sí! Pátákó tí lẹ́tà rẹ̀ ga tó ọmọ ọdún méje! Hẹ̀ẹ́, ẹ dì mí mú, ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

Rárá, ẹ má pè wọ́n. Èmi ni n ó lọ. N ó kúnlẹ̀, n ó fà wọ́n lọ́wọ́, n ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹ sáà nu àga yẹn, kí ẹ wá lẹ́ńsì tó dára jù lọ jáde. Ìyá ọkọ mi ń wọlé bọ̀.