Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa Orúkọ Ìyá Oníwákà Rẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú ń bí mi. Inú ń bí mi débi pé bí ọ̀kadà bá gbé mi dé gáréèjì tí mo gbọ́ tí wọ́n ń lu orin kan báyìí, ṣe ni mo máa ń ní kó sọ̀ mí kalẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ. Òun ló ń jà ràn-ìn láti Akínyẹlé títí dé Ẹ̀gbẹ́dá: "Ẹni bá rí Múnírá, kó ní kó yà sílé o, oúnjẹ tí mo sè fún un ti ń tutù." Àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè sí i, àwọn ọmọge ń jùdí sí i, bí àwọn géńdé bá sì dé ibi "oúnjẹ", wọ́n á ṣẹ́jú sí obìnrin tó wà nítòsí. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé orí òkú ọmọ ni wọ́n ń jó. Èmi mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ yìí náà ni mo sì fi bébà àti yíǹkì tì wọ́n lẹ́yìn pé kí wọ́n máa jó lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má bá mi bò ó.

Abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń gbìn, gàrí ni màmá mi ń yan. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nínú agboolé wa, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti bí a ṣe ń ṣe ìwé lọ́ṣọ̀ọ́ ni mo sì lọ kọ́. Mo gba yàrá kan sí Ajíbọ́dẹ. Nígbà tí a dé ọdún àṣekágbá, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé kí kálukú ṣe ìwé ìròyìn orin tirẹ̀: èèpo iwájú, ojú ìwé tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ìtàn olórin kan tó gba ojú ìwé méjì. Bí a bá ṣe é tán, ká fún àwọn ènìyàn kà, ká bi wọ́n léèrè ibi tó kù sí, ká tún un ṣe, ká tún un ṣe títí yóò fi dùn ún wò.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ìtìjú gbáà ni. Òyìnbó kan tó gbé gìtá kọ́rùn ni mo lọ wá lórí fóònù, òun ni mo fi sí èèpo iwájú. Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé ṣe ni wọ́n ń bá ara wọn jà, lẹ́tà inú rẹ̀ sì rí wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, ó wò ó títí, ó ní, "Ta lèyí? Ṣé ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pe olùkọ́ ní "wọ́n". Ẹ dárí jì mí, ẹnu mi ò gbà á mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà. Mo bi ara mi pé kí ni mo ń wá olórin lọ sí òkè òkun fún nígbà tí olórin ń bẹ nílé bàbá mi?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mò ń sọ. Ìyá Oníwákà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí wòlímọ̀, kò sí ìkíni àwọn tó ti Mẹ́kà dé ní agbègbè wa tí wọn kì í pe Ìyá Oníwákà àti ẹgbẹ́ wọn. Wọn ò mọ̀wé òyìnbó, kéwú nìkan ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbóhùn sókè, ẹni tó ń pọnmi lódò á gbé korobá kalẹ̀. Àwọn ló máa ń gbé mi pọ̀n nígbà tí màmá mi bá ń lọ sóko. Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. N ò gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu wọn rí.

Mo lọ bá wọn nílé, mo ya fọ́tò wọn nídìí igi kajú tó wà lẹ́yìnkùlé, ìborùn funfun lọ́rùn wọn. Mo gbé fóònù kalẹ̀ kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ ìtàn ara wọn. Wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n wá ní, "Àṣàkẹ́, orin Múnírá tí ọmọkùnrin Ẹ̀gbẹ́dá yẹn ń kọ, tèmi ni."

Ọmọkùnrin tí wọ́n ń wí ni Fẹ́mọ́ Jígí. Kó tó di gbajúmọ̀, ẹ̀rọ agbóhùnsókè ló ń fi háyà fáwọn tó ń ṣe ìnáwó. Ó gbé e wá síbi wòlímọ̀ kan lábúlé wa, ibẹ̀ ló ti gbọ́ orin náà lẹ́nu Ìyá Oníwákà. Múnírátù sì ni àkọ́bí wọn. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí éèyi mú un. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀, Ìyá Oníwákà dúró se ẹ̀wà tí ọmọ náà fẹ́ràn, pé ebi á ti máa pa á tó bá dé. Ọwọ́ òfo ni ọkọ wọn dé.

Ìyá Oníwákà ní, "Wọ́n ní kí n má sunkún, pé ẹni bá ń sunkún òkú ọmọ ń bá Ọlọ́run ṣẹjọ́ ni. Mo bá fi kọrin. Kọ ọ́ síbẹ̀, Àṣàkẹ́. Kọ orúkọ ọmọ mi, kó o kọ tèmi tì í."

Mo ní, "Wàláhì, Ìyá, màá kọ ọ́."

Wàláhì! Ẹnu mi yìí kọ́!

Ẹ̀dà kejì tí mo ṣe, bí mo bá ní kò dára, irọ́ ni mo pa. Fọ́tò Ìyá Oníwákà gba gbogbo èèpo iwájú. Àwọ̀ méjì péré ni mo lò, funfun àti àwọ̀ ewé ẹ̀gẹ́. Mo jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi kí àgbàlagbà lè rí i kà, mo sì kọ ìtàn Múnírátù sí ojú ìwé méjì láìfi ọ̀kan pe méjì. Mo pín in fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ajíbọ́dẹ kí wọ́n bá mi wo ibi tó kù sí. Ẹ ò gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú wọn sọ? Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé ètò ìsìnkú màmá yín nìyí? Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o." Wọ́n rẹ́rìn-ín mi débi pé mo kó ìyókù sínú báàgì, n ò pín in mọ́.

Olùkọ́ mi ní iṣẹ́ náà dáa, pé ojú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni kì í ta ìwé. Ó ní òun mọ máníjà Fẹ́mọ́ Jígí. Ọkọ̀ rẹ̀ ló fi gbé mi lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Fẹ́mọ́ jókòó sórí àga, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó wo ojú mi kòrókòró, ó ní ojú àlá ni òun ti gbọ́ orin Múnírá. Ojú àlá! Fóònù tí ohùn Ìyá Oníwákà wà nínú rẹ̀ ń bẹ lápò mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ohun tó sọ náà ni mo kọ sílẹ̀. Máníjà rẹ̀ ní àwọn gbà kí fọ́tò ọmọkùnrin àwọn wà lèèpo iwájú, bí n ò bá ti ní kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kankan mọ́ orin náà. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ní, "Sà, Ìyá yẹn ló ni orin o." Olùkọ́ mi ò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "Àtúnṣe là ń ṣe. Ohun téèyàn ò kọ kì í ṣe irọ́."

Mo dé iwájú kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Mo yọ Ìyá Oníwákà kúrò lèèpo iwájú. Lẹ́yìn èyí mo yọ wọ́n kúrò ní ojú ìwé méjì, mo fún wọn ní ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà tún pọ̀ jù, mo pín in sí méjì. Níkẹyìn, fọ́tò wọn kéré bí àtàńpàkò, ó wà nísàlẹ̀ ìtàn Fẹ́mọ́, àyè kékeré sì ṣẹ́ kù lábẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí n kọ nǹkan sí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ. Mo kọ ọ́ pé: "Ìyá àgbà kan ní abúlé Akínyẹlé ń gbádùn orin Fẹ́mọ́ Jígí." Ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn sí mi létí. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ mi ló gba máàkì tó ga jù. Ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀, wọ́n ń pín in. Ọmọ aládùúgbò wa kan tó ń kàwé níbẹ̀ ló mú ọ̀kan wálé. Nígbà tí mo délé fún Iléyá, Ìyá Oníwákà fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, wọ́n ti fi aṣọ wé e. Inú wọn dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n na ìka sí fọ́tò wọn, wọ́n ní, "Mo rí ara mi. Ó kéré, ṣùgbọ́n mo rí i. N ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún mi, ìwọ ni mò ń dúró dè. Àṣàkẹ́, kí lo kọ síbẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Mo gba ìwé náà. Mo gbójú lé ìlà kan ṣoṣo yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ka orúkọ Múnírátù. Mo ka ẹ̀wà tí wọ́n sè. Mo kà á pé Ìyá Oníwákà ló ni orin. Mo tiẹ̀ ń yí ojú lọ yí ojú bọ̀ bí ẹni pé ìlà púpọ̀ ni. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú wọn, wọ́n ṣàdúrà fún mi pé ọmọ tèmi náà á bò mí láṣìírí.

Àṣírí irọ́ kì í pẹ́ tú. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi dání lọ síbi àsàlátù. Wọ́n gbé ìwé náà fún tíṣà kan tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní kó kà á sí gbogbo ìyá létí. Tíṣà náà wò ó, ó wò mí, ó pa ìwé náà dé, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàdúrà." Ìyá Oníwákà ní, "Kà á." Ó kà á. Ìlà kan ni, kò gba àkókò rárá.

Wọn ò pariwo. Wọn ò ṣépè. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tí Fẹ́mọ́ bá jí orin mi, Fẹ́mọ́ ò mọ Múnírátù. Ìwọ mọ̀ ọ́n." Láti ọjọ́ náà, oríkì mi ò jáde lẹ́nu wọn mọ́.

Mo gba ọ̀dọ̀ olùkọ́ mi lọ, mo ní kó sọ fún ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n kó ìwé yẹn nílẹ̀, kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kejì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé kí n gba máàkì ẹ padà ni?" Ẹ wò mí o, mo dákẹ́! Mo dákẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ojú ara mi tì mí, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, mo ní iṣẹ́ náà kì í ṣe òótọ́, mo sì fi ohùn Ìyá Oníwákà tì í. Wọ́n da máàkì mi nù, wọ́n ní kí n tún ọdún náà ṣe. Olùkọ́ yẹn ṣì ń kọ́ni. Fẹ́mọ́ ṣì ń kọrin. Bàbá mi ní mo fi gbogbo òógùn ẹ̀gẹ́ àwọn ṣòfò. Èmi nìkan ni wọ́n rí bá wí!

Mo tẹ ẹ̀dà tó jẹ́ òótọ́ fúnra mi, mo gbé e lọ bá Ìyá Oníwákà. Mo ní kí n kà á. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, wọn ò dúró. Wọ́n ní, "Èyí tó o kà fún mi níjelòó ńkọ́? Ohùn tó o fi kà á náà lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ẹ yọ kúrò. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ni mo wá ń bẹ̀. Mo ti bẹ bàbá mi kí wọ́n bá mi bẹ Ìyá Oníwákà, wọ́n ní àwọn ò mọ ojú tí àwọn máa fi wò wọ́n. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tó ti fi ìwé kíkà purọ́ fún ẹni tí kò mọ̀wé, kí ló kù tó lè kà fún un tí yóò gbà gbọ́?