Ilẹ̀ Àbàtà

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ìgbàrà-Òkè lọ sí Àkúrẹ́, bàbá kan bi ọmọbìnrin tó gbé ike ẹja àrọ̀ lé itan bó ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò.

"Bàbá, mo tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Wọ́n ní ilẹ̀ ìdílé kì í bá obìnrin relé ọkọ. Mo wá tọrọ àbàtà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún mi. Mo gbẹ́ adágún síbẹ̀. Ẹja tí mò ń sìn ò tíì bi mí pé ṣé ọkùnrin ló lomi."

Ẹnu ya èmi gan-an. Bàbá náà mi orí títí.

"Ọmọ tèmi náà tọrọ ilẹ̀. Mo ní kó lọ fẹ́ ọkọ ná. Dẹ́rẹ́bà, ìgbà wo lẹ máa padà sí Ìgbàrà-Òkè?"