Lẹ́tà Méje Tí Mo Yí Padà Nínú Orin Ayọ̀

Ẹ̀yin akọrin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní kí ọmọ mi obìnrin ka ìwé yìí sí yín létí kí ẹ tó ṣí orin lónìí. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò ní pẹ́ dá iṣẹ́ dúró, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi irọ́ sin mí. Orin sáàmù ayọ̀ tó dàrú mọ́ wa lẹ́nu lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kì í ṣe Ìyá Aránṣọ ló bà á jẹ́. Èmi olùdarí yín ni.

Atẹdùùrù wa ló kọ orin náà. Ó mú sáàmù mẹ́ta tó ń pe gbogbo ayé síbi ayọ̀, ó so wọ́n pọ̀ fún ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orin náà dùn, adùn rẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú. Bí mo bá ti wọ yàrá ìdánrawò, òun àti Ìyá Aránṣọ, ìyá tó máa ń fi ọwọ́ da orin kọ fún wa, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á sì yí ìwé kan dé. Mo bi atẹdùùrù pé, “Kí lẹ ń fi pamọ́?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá. Ẹ ó rí i lọ́jọ́ náà.” Ara mi ò gbà á. Mo ní ipò mi ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ìfura bá ti wọ̀ lára, ẹ̀rín lásán ló ń pè ní yẹ̀yẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ojú ìwé ìkẹyìn orin náà dé láti ọwọ́ Ìyá Aránṣọ. Mo kó ti àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn kejì. Lẹ́tà sofa, d, r, m, f, s, l, t, la fi ń kọrin, ẹ mọ̀. Mo fi bírò tẹ orí lẹ́tà “t” kọdọrọ, ó di “f”. Ibi méje. Ní Sátidé, mo ní kí ohùn kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ tirẹ̀ ní yàrá ọ̀tọ̀, kí atẹdùùrù má baà gbọ́ ọ pa pọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe dé ojú ìwé yẹn, ohùn forí gbárí. Ìjọ ń wojú ara wọn. Atẹdùùrù gbọ́wọ́ kúrò lórí dùùrù.

Nípàdé, Ìyá Aránṣọ gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n ní, “Kì í ṣe ọwọ́ mi ló tẹ orí eléyìí. Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ mọ ọwọ́ mi jù, ẹ bá mi sọ ọ́.” Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti ń da orin kọ fún wa. Mo gba ìwé náà, mo wò ó pẹ́ bí adájọ́. “Ọwọ́ ìyá ni,” ni mo wí. “Ọjọ́ orí ti ń mú ojú wọn.” Ẹ wo irú ẹnu tí mo fi ń darí sáàmù. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n lọ sílé, wọn ò sì kọrin mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, atẹdùùrù gbé ìwé tí wọ́n ń yí dé wá fún mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ orin náà ni, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Fún ọ̀gá wa, tó ti darí wa fún ọgbọ̀n ọdún.” Ó ní, “A fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni, sà. Ẹ má bínú pé ó bàjẹ́.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì tún dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá fi nǹkan pamọ́ fún yín, ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kórìíra rẹ̀. Ẹ tún orin náà kọ, ẹ dá “t” padà sípò rẹ̀. Ìyá, mo ní kí wọ́n bẹ̀ yín wá jókòó gbọ́ èyí. Ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ dúró láàárín wọn kí ẹ kọ ọ́. Bí ẹ ò bá sì lè ṣe é, ẹ̀bi yín kọ́.