Bí Olúwa Ṣe Yọ Tanímọ̀la Nínú Kànga

Ògo! Mo ní ògo fún Olúwa! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnu tèmi nìkan kò gbà á. Ògo ni fún Ẹni tí etí rẹ̀ kì í di! Àmín, àmín.

Ẹ̀yin bàbá mi nínú Olúwa, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ará, èmi ni Lìdíà. Ọkọ mi ló ń la gẹdú nínú igbó Mamu. Èmi ni mo máa ń ná Màkún-Omi, tí mo ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Ẹ mọ ìyá ọkọ mi, Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Bí ẹ bá sì mọ Ìyá, ẹ mọ Tanímọ̀la, ajá pupa tó máa ń mú un wá sí ìsìn, tó máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀rí ajá kẹ̀?" Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Ọmọ ajá kékeré ni Tanímọ̀la nígbà tí obìnrin kan tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní Màkún-Omi fi í ta mí lọ́rẹ. Ìyá ló sọ ọ́ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ṣáájú Ìyá, tó jẹ́ pé bí Ìyá bá dúró, òun náà á dúró. Ni a bá so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, a fi orí kejì lé Ìyá lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn ni Ìyá kò ti dá jókòó sínú yàrá mọ́. Á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á lọ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò, á wá sí ilé Ọlọ́run. Ẹ yin Olúwa!

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, oòrùn ti ga, mo ń to ẹja sínú agbọ̀n nídìí ààrò. Ìyá àti ajá rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá bí ìṣe wọn. Pákó ni a fi dé kànga náà. Lójú gbogbo wa, pákó yẹn le koko. A kò mọ̀ pé ikán ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán. Ewúrẹ́ kan ló já wọ agbo ilé, ó sáré gba iwájú wọn. Tanímọ̀la yẹ̀ fún un, ó gun orí pákó.

Mo gbọ́ gbàù! Mo gbọ́ tí Ìyá ké.

Nígbà tí mo yíjú, mi ò rí ajá mọ́. Ìyá ti dojú bolẹ̀ létí kànga, apá rẹ̀ kan wà nínú ihò, okùn sì ti lọ́ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ajá ń fì nísàlẹ̀, ó ń fa arúgbó náà lọ! Jésù! Mo fò, mo di ẹsẹ̀ Ìyá méjèèjì mú.

"Ìyá, ẹ tú okùn sílẹ̀!"

"Mi ò tú u!"

"Ìyá, ẹ̀ ń lọ o!"

"Jẹ́ kí n lọ! Ojú mi nìyẹn!"

Ará, mo fi ara tẹ ẹsẹ̀ Ìyá mọ́lẹ̀, mo rá pálá súnmọ́ ọn, mo wo inú kànga. Tanímọ̀la kò gbó. Ahọ́n rẹ̀ ti yọ síta. Ọrùn rẹ̀ ni okùn náà wà! Bí a bá dì í mú, a ó fún un pa. Bí a bá jù ú sílẹ̀, inú omi ló ń lọ. Níbo ni ènìyàn yóò yà sí?

Mo kígbe pé, "Ìyá, okùn ń fún un lọ́rùn! Ẹ̀ ń pa á!"

Ìyá la ọwọ́ rẹ̀. A gbọ́ jàbú nínú omi. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Mo wọ́ Ìyá kúrò létí kànga. Apá rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ó dojú kọ mí, ó ní, "Lìdíà, ṣé ó ti kú?" Mo tẹ́tí sí ihò náà. Àfi ìgbà tí a gbọ́ ọ, pàṣàpàṣà, pàṣàpàṣà. Ó ń wẹ̀! Ó fi ẹsẹ̀ kan há ara rẹ̀ mọ́ ihò tí àwọn agbẹ́kànga máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, èyí tó kù ló fi ń já omi. Ọlọ́run, o ṣeun!

Mo fi igbe ta. "Ẹ gbà wá o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà wá!"

Àwọn ọkùnrin sáré dé. A fi okùn sọ agbọ̀n kalẹ̀, ajá kò mọ̀ ọ́n wọ̀. A tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún kọ̀ ọ́. Ọkùnrin kan ní, "Ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ o. Kànga yìí ti gbó, ògiri rẹ̀ lè ya lu ènìyàn. Ẹ̀mí ènìyàn ni ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ ajá lásán?" Mi ò bínú sí i. Òótọ́ ló sọ.

Ìgbà náà ni Bàbá Sèlíátù, bíríkìlà tó ń gbé ilé kejì sí wa, jáde síta. Ó ti wẹ̀, ó ti ṣe àlùwàlá, ó wọ aṣọ funfun, mọ́ṣáláṣí ló ń lọ. Ó ní, "Lèsí rè é? Ta ló bọ́ síbẹ̀?"

Mo ní, "Ajá Ìyá ni." Mi ò lè bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan àwọn, áḿbọ̀sì ẹni tó fẹ́ lọ kírun.

Ó wo apá Ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wo inú kànga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ agbádá rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde. "Bàbá Sèlíátù! Jímọ̀ ń kọ́?"

Ó ní, "Omi kò wọ́n. Màá tún wẹ̀, màá tún àlùwàlá mi ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìyá yìí sílẹ̀ báyìí, kí ni mo fẹ́ lọ dúró sọ níwájú Ọlọ́run?"

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹ gbọ́ nǹkan, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run!

Wọ́n so okùn mọ́ ọn níbàdí, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ihò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ń já bọ́. À ń gbọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ náà ṣe ń bọ́ sínú omi. Ó pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ó ń gé mi jẹ! Ẹ̀rù ló ń bà á! Ẹ ní kí Ìyá pè é!"

Ìyá ti gbọ́. Ó tún ń rá pálá lọ sétí kànga tó fẹ́ gbé e mì. Èmi di ẹsẹ̀ kan mú, Ìyá Sèlíátù di ìkejì mú. Ìyá na ọrùn sínú ihò. Kò pariwo. Ohùn tó fi máa ń pè é jẹun ló lò. "Tanímọ̀la. Tanímọ̀la ọmọ mi. Èmi rè é o. Rọra, ọmọ mi."

Àwọn ọkùnrin tún sọ agbọ̀n kalẹ̀.

Bàbá Sèlíátù ní, "Ó ti rọ̀. Ó ti wà nínú agbọ̀n. Ẹ fà!"

A fa agbọ̀n jáde. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fa òun náà bọ̀, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan ya lára ògiri, ó bà á léjìká. Ó ké, "Láháólà!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò nínú ihò, ó ń fì. Mo di ojú mi. Mo ní, Olúwa, má jẹ́ kí ìyàwó ọkùnrin yìí gégùn-ún fún mi. Nígbà tí mo lajú, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹrẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ògo! Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín, ẹ bá mi kí Olúwa!

Ṣùgbọ́n Tanímọ̀la dà bí àkísà tútù. Kò mí. Bàbá Sèlíátù gbá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó dorí rẹ̀ kodò, omi ń dà lẹ́nu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi ọ̀run, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún ajá. Ìwọ lo dá a. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ajá sín! Ó tún sín! Ìyá bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo rò pé ó parí sí kọ́ ló parí sí.

A gbé e wọ bọ́lẹ̀kájà, ó di Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dọ̀ dókítà ẹran ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ó fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó kán nínú kànga, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò pẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹsẹ̀ á san. Ọ̀fun ló ń bà mí lẹ́rù. Okùn ti fún un jù. Ẹ máa kán omi sí i lẹ́nu. Tó bá di ọjọ́ kẹrin òní tí kò bá gbé nǹkan mì, ẹ gbé e padà wá, kí n fi abẹ́rẹ́ pa á, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìrora."

Mo ní, "Ẹ gbà á sílẹ̀, sà."

Ó ní, "Èmi ti ṣe ipá tèmi."

Mo ń kán omi, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde. Mo po ògì, ògì náà jáde. Èyí tó burú jù ni pé Ìyá pẹ̀lú kò jẹun mọ́. Ó ń tún un sọ ṣáá pé, "Èmi ni mo fún un lọ́rùn. Ó ń bá mi ríran, èmi ni mo fún un lọ́rùn." Ọkọ mi ti Mamu dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún un pé kó jẹun, Ìyá kò gbà. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ti Ìlápòrú dé, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá mi bá ajá lọ ni?"

Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́ nínú ìjọ. Ìyá Ìjọ ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lìdíà, kí ló ń ṣe ọ́?" Mo ní, "Ìyá, ajá ni." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó dá a kò pè é ní ajá lásán." Òun àti àwọn ìyá kan nínú ìjọ wá sílé wa pẹ̀lú omi àdúrà, a gbàdúrà, a sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín: lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ tí dókítà dá pé. Mo ti tẹ́ aṣọ sínú agbọ̀n tí màá fi gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Àbúrò ọkọ mi gbé ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná wá fún Ìyá. Ó ní, "Ìyá, bí ẹ ò bá jẹ ẹ́, mi ò ní padà sílé." Orí Tanímọ̀la wà lórí itan Ìyá, ọwọ́ òsì Ìyá wà lọ́fun rẹ̀. Ó kàn ti ìka bọ ìkọ́kọrẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè sinmi ariwo. Kò tíì gbé e dé ẹnu. Ahọ́n kan yọ, ó lá a.

Ìyá kígbe! "Ó gbé e mì! Lìdíà, ó kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi! Ó gbé e mì!"

Ó tún ti ìka bọ̀ ọ́. Ó tún gbé e mì. Mo ní, "Ìyá, ó ku ẹ̀yin." Ìyá fi omijé jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ó bu tirẹ̀, ó bu ti ajá, títí abọ́ fi gbẹ. Àbúrò ọkọ mi tó ń bá mi jà jókòó sílẹ̀, ó ń pe Jésù.

Agbọ̀n yẹn, ẹja ni mo kó sínú rẹ̀ lọ sọ́jà. Halelúyà!

Lónìí, ó ń tiro díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì há. Ṣùgbọ́n òun ló mú Ìyá dé ibí láàárọ̀ yìí. A ti fi símẹ́ńtì mọ etí kànga, Bàbá Sèlíátù ló bá wa mọ ọ́n. Olúwa kò ní jẹ́ kí ilé rẹ̀ mọ ìbànújẹ́. Ẹ ṣe àmín kó gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí!

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ìwọ tí o jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wàhálà kan lọ́kàn, tí o ń rò pé bí o bá sọ ọ́, wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jọ̀wọ́, dìde kí o sọ ọ́. Sọ ọ́ fún Ọlọ́run, kí o sọ ọ́ fún ènìyàn. Bí a bá gbàdúrà lónìí tí nǹkan kò yí padà, tún wá lọ́la. Kò sí ohun tó kéré jù fún Olúwa láti gbọ́, níwọ̀n ìgbà tó bá ti tó láti pa ọ́ lẹ́kún. Ó gbọ́ tèmi. Á gbọ́ tìrẹ. Ògo!