Òróró Àgbọn Lára Pákó Ọkọ̀

Wọ́n ní òun ló ní kí wọ́n… àbí ẹ ò gbọ́? Bàbá arúgbó yẹn… wọ́n ní orí rẹ̀ ti ń… Ẹ dákun, ẹ má parí rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń gbọ́ òfófó yìí ní ọjà Agbálatà, tí mo kàn ń dorí kodò. Èmi Látífàt, ọmọ Tàjùdíìnì gbẹ́nàgbẹ́nà, èmi ni mo pa irọ́ náà. Ẹnu mi yìí náà ni yóò tú u.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ti bódà Sẹ̀mẹ̀ pa ni. Fáníìṣì tí a fi ń kun igi, tó ń ti Kútọnu wá, di àwátì. Àǹtí Morìnsọ́lá, tíṣà ará Èkìtì tó ń wá kọ́ mi níwèé nílé torí ojú tó máa ń tì mí láàárín èrò, ní kí bàbá mi kan pẹpẹ sí balùwẹ̀ wọn. Pákó ọkọ̀ ojú òkun àtijọ́ kan tí wọ́n tú ní Ajídò ni a rí. Kí ni ká wá fi kùn ún? Fáníìṣì ò ju ààbọ̀ agolo lọ. Òróró àgbọn ló pọ̀ nílé.

Bàbá mi ní, "Lọ bi Bàbá Abọ́dúnrìn. Ohun tí wọ́n bá wí la óò ṣe." Àwọn ló kọ́ bàbá mi níṣẹ́, kò sígi tí wọn ò mọ ìwà rẹ̀.

Wọ́n dá mi lóhùn. Mo gbọ́ ọ ketekete. Wọn ò dárúkọ òróró fún rere, ohun tí wọ́n sì wí yóò gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ Àǹtí ti ní, "Tí kò bá délé lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti rí gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn o." Mo rò ó pé bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé mi náà bọ́. Ọmọ burúkú! Mo délé, mo ní, "Wọ́n ní òróró àgbọn ti tó."

"Òróró? Bàbá ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ni, sà."

Òróró àgbọn kì í gbẹ. Ooru omi gbígbóná ń bà á, ó ń kán sórí sìmẹ́ńtì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Àǹtí fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ̀ ṣubú. Oyún oṣù márùn-ún ni wọ́n gbé wọ balùwẹ̀; wọn ò gbé e jáde.

Mo tún ṣe èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ọkọ wọn figbe ta, a kóra wa dé iwájú Bàbá Abọ́dúnrìn. Wọ́n ní, "Èmi? Òróró? Lára igi tó ti mu iyọ̀?" Wọ́n yíjú sí mi. "Látífàt, ìwọ tí kì í purọ́, kí ni mo rán ọ?"

Gbogbo ojú wà lára mi. "Òróró àgbọn ni ẹ wí, sà."

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ wọn títí. "Tọ́mọ yìí bá ní mo wí i, a jẹ́ pé mo wí i. Orí mi ti ń lọ nìyẹn." Wọ́n kó ayùn àti ìfági wọn fún bàbá mi lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ wọ́n ní Bàbá Olóróró.

Nísinsìnyí, iyè wọn ti ra lóòótọ́. Lánàá mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, bàbá mi wà lẹ́yìn mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Orí yín ò lọ nígbà yẹn." Wọ́n ń wò mí bí àlejò. Ẹ̀yin èwe, ẹ jẹ́ iṣẹ́ àgbà bí wọ́n bá ṣe rán an, kẹ́ ẹ má baà kúnlẹ̀ bíi tèmi, kẹ́ ẹ má rẹ́ni dáhùn.

Mo fẹ́ dìde ni Bàbá gbá ọwọ́ mi mú. Bó ṣe jáde lẹ́nu wọn lọ́jọ́ kìíní ló tún ṣe jáde, kò yẹ̀:

"Pákó ọkọ̀ ni, àbí? Sọ fún Tàjù kó má fi òróró kankan kàn án o. Kó rẹ ẹ́ sómi kànga fún ọjọ́ mẹ́ta kí iyọ̀ jáde. Kó sá a síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, fáníìṣì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣó o gbọ́? Tún un wí kí n gbọ́, ọmọ dáadáa."