Ìyá Ọkọ Mi Kò Pa Ọmọ Mi

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará mi. Ẹ bá mi yìn ín, nítorí ẹnu èmi nìkan kò gbà á. Ó la ojú mi nígbà tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo fọ́jú. Ògo ni fún un. Alelúyà!

Bí mo bá ń sunkún bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi dúró. Ẹ̀rí tí mo gbé wá yìí, ọpẹ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹkún inú rẹ̀ pọ̀ ju ọpẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ifangni níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gbé àwọn ọmọ ọwọ́ sórí ìwọ̀n, tí mò ń kọ bí wọ́n ṣe tẹ̀wọ̀n sí sínú ìwé. Ọkọ mi ń bá àwọn èèyàn ṣẹ́ owó ní ẹnubodè Igolo. Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fún wa. Fólúkẹ́ ni àkọ́bí, Ràkẹ́lì ló tẹ̀lé e. Ìyá tó bí ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n ń kírun tiwọn nínú yàrá, àwa ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ìjà kankan láàárín wa. Ọwọ́ wọn ni àwọn ọmọ mi dàgbà sí nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Àgbà po ẹ̀kọ gbígbóná fún Fólúkẹ́. Ó mu ún, ó lọ sí kólẹ́ẹ̀jì. Ọjọ́ eré ìdárayá ni. Àwọn olùkọ́ ní kí wọ́n sáré. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó ṣe ipò kìíní, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì ṣubú. Ibi iṣẹ́ mi ni wọ́n gbé e wá. Èmi fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mo rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni.

Kò mí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ará, n ó jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Fólúkẹ́ ti dákú lẹ́ẹ̀kan rí ṣáájú ìgbà yẹn, lẹ́yìn tó sáré. Mo fún un lómi mu, mo ní ebi ló ń pa á. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. N kò mú un lọ síbì kankan.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣé o kò lójú ni? Ẹnì kejì nìyí. Sámúù, àbúrò ọkọ rẹ, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú lóko tó kú? Ìyá yìí kan náà. Ta ló sì fún Fólúkẹ́ ní ẹ̀kọ mu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ìgbà tí omi bá wọ ilẹ̀ gbígbẹ. Mo ń wá ẹni tí n ó kórìíra. Mo rí i.

Mo wá síbí. Níwájú pẹpẹ yìí gan-an, mo dárúkọ ìyá náà. Mo ní kí iná Ọlọ́run jó o. Ẹ sì bá mi ṣe àmín. Àmín yín ròkè lọ́jọ́ náà. N kò dá yín lẹ́bi, èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá.

Nígbà tí mo délé, mo kó ẹrù Ìyá Àgbà síta. Aṣọ wọn, ìkòkò wọn, ẹní ìkírun wọn. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi kó o tán. Ó gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, ó gbé wọn lọ sí Ko-Koumolou, sí ilé oníyàrá kan tó wà lóko bàbá ọkọ mi. Kí wọ́n tó lọ, Ìyá Àgbà wojú mi. Wọ́n ní, "Ìyá Fólúkẹ́, ọmọ mi náà ni." Mo yíjú kúrò.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Àwọn èèyàn ò pè mí ní Ìyá Fólúkẹ́ mọ́. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ràkẹ́lì, kí ó má baà dùn mí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì kan wá láti Àjàṣẹ́. Àwọn obìnrin tí bọ́ọ̀lù yìí jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, àwọn tí ń jù ú sínú àwọ̀n lókè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ohun rere fún àwọn ọmọ ẹnubodè. Wọ́n da sìmẹ́ńtì sí pápá kólẹ́ẹ̀jì tó ti sán, wọ́n ri òpó tuntun méjì, wọ́n so àwọ̀n mọ́ wọn. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, tí àwọn ọmọ kì í lọ sílé ìwé, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ń wá kọ́ wọn. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn lórí pápá, ọmọ Kétu gíga kan ni, Bàlíkísù lorúkọ rẹ̀. Tàtá Bàlíkísù, ìyẹn Àǹtí Bàlíkísù, ni àwọn ọmọ ń pè é. Wọ́n ní àwọn á yan ọmọbìnrin méjìlá tí yóò lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́, níwájú èrò, kí ìdíje ti àwọn fúnra wọn tó bẹ̀rẹ̀.

Ràkẹ́lì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ga bíi bàbá rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n lọ."

Mo ní, "Rárá. Ọmọ mi kò ní sáré mọ́ láé."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣé títì la fẹ́ máa tì í mọ́lé ni?"

Mo rò ó. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ọ̀tá ti jáde nínú ilé, kí ló tún kù tí mò ń bẹ̀rù? Mo gbà. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ronú nígbà náà.

Ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n yàn án mọ́ àwọn méjìlá. Ó ń wọ aṣọ eré tí wọ́n fún un sùn. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ náà ni pé kò sí ọmọ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́ láìjẹ́ pé dókítà wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin kan ni dókítà náà. Ó jókòó nínú kíláàsì kan ní kólẹ́ẹ̀jì, ó ń gba àwọn ọmọ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ àyà wọn. Ó gbọ́ ti Ràkẹ́lì. Ó tún un gbọ́. Ó ní kí ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó yẹ àwọn yòókù wò tán, ó so okùn ẹ̀rọ kan mọ́ ọn láyà, èyí tí ń fa ìlà sórí bébà bí ọkàn bá ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pè mí níbi iṣẹ́.

Èdè Faransé ló fi bá mi sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Màdáámù, ẹ jókòó. Ṣé ọ̀dọ́ kankan ti kú lójijì nínú ẹbí yín?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sáré ni, ó sì ṣubú."

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Àbúrò bàbá wọn. Ó ń kọ ebè lóko."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ó dà bíi pé àìsàn kan náà ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá, láti ara òbí sí ara ọmọ. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé ọmọ yìí lọ sí Kùtọnu."

Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé kì í ṣe èèyàn ló pa wọ́n?"

Ó ní, "Rárá, Màdáámù. Kì í ṣe èèyàn."

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ tí Fólúkẹ́ kú, mo ké. Ọjọ́ tí dókítà sọ gbólóhùn yẹn, n kò lè ké. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Ẹgbẹ́ náà fún wa lọ́kọ̀ lọ sí Kùtọnu, wọ́n sì dúró tì wá títí a fi rí dókítà ọkàn. Ọlọ́run á san án fún wọn. Dókítà náà wo inú àyà Ràkẹ́lì pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó ní ẹran ọkàn rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, bí ó bá ń sáré, ọkàn lè dàrú kó sì dúró. Ó ní kó máa lo oògùn, kó má sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n yẹ ọkọ mi náà wò, àìsàn náà wà lára òun náà, ṣùgbọ́n kò le tó ti ọmọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ràkẹ́lì fi wọ aṣọ eré náà, kò bọ́ ọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó bọ́ aṣọ eré náà, ó ká a, ó bi mí pé, "Màámi, ká ní wọ́n ti yẹ Fólúkẹ́ wò bí wọ́n ṣe yẹ̀ mí wò, ṣé ì bá wà láàyè?"

Mo ní, "Bóyá, ọmọ mi."

Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi lé Ìyá Àgbà lọ?"

Mo dìde, mo lọ bá bàbá rẹ̀, mo ní kí ó mú mi lọ bá ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi lọ sí Ko-Koumolou. A bá Ìyá Àgbà níwájú ilé, wọ́n ń bó gbágùúdá. Wọ́n ti rù. Ojú wọn kan kò ríran mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ohun tí dókítà ní Ifangni sọ, ohun tí ti Kùtọnu sọ. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Sámúù mi náà ńkọ́? Ṣé ọkàn ló ṣe é?"

Ọkọ mi ní, "Ọkàn ni, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó yan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi bí i."

Ìyá Àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti gbé mi wá síbí, mo ń bi ara mi léèrè. Wọ́n ní èèyàn lè ṣe é lójú oorun láìmọ̀. Mo ní, bóyá èmi ni lóòótọ́. Bóyá mo ti pa ọmọ mi, mo tún pa ọmọ ọmọ mi, tí n kò mọ̀. Mo ń bẹ̀rù àtisùn."

Ẹ gbọ́ o, ará. Ohun tí mo ṣe fún ìyá yẹn nìyẹn. Lílé tí mo lé wọn kúrò nílé kéré níbẹ̀. Mo ti sọ wọ́n di ẹni tí ń bẹ̀rù ara rẹ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n dìde kí a jọ máa lọ sílé. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì ẹ́. Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè padà sínú ilé yẹn. Bí mo bá rí ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹrù mi nílẹ̀ ni n ó máa rí. Ẹ máa wá kí mi."

Mo ń lọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni èmi àti Ràkẹ́lì ń lọ, a ń fọṣọ fún wọn, a ń pọnmi. Mo ń gbàdúrà kí ọkàn wọn yí padà. Kò tíì yí, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Ní ti Ràkẹ́lì, Tàtá Bàlíkísù fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó jókòó sórí ìjókòó kékeré, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ràkẹ́lì, a nílò ẹni tí yóò máa kọ àmì ayò sílẹ̀ nídìí tábìlì. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ló lè ṣe é." Ọmọ náà ní òun kò fẹ́. Ó pẹ́ kó tó gbà. Nígbà tí àwọn ọmọ Ifangni lọ sí Àjàṣẹ́, òun ló jókòó nídìí tábìlì. Wọ́n fi ayò na àwọn ọmọ wa pátápátá lọ́jọ́ náà. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Àmọ́ ó padà wálé, ó jẹun, ó sùn, ó jí. Olúwa, mo dúpẹ́. Ó jí láàárọ̀ òní náà.

Ẹ̀yin tí wàhálà wà nílé yín, ẹ má sọ̀rètí nù, ẹ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá dákú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó wá ẹni tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi. Bí ẹ bá sì ti lé ìyá arúgbó kankan jáde, ẹ dìde lónìí, ẹ lọ bá a nígbà tó ṣì wà láàyè. Ọlọ́run tó ṣàánú mi kò ní kọ̀ yín.

Lánàá, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé mo fẹ́ wá jẹ́rìí. Wọ́n ní, "Kí o pe orúkọ mi ketekete, kí wọ́n gbọ́ ọ." Orúkọ wọn ni Sàlámọ́tù. Ẹ gbọ́ o, gbogbo ìjọ. Sàlámọ́tù kò pa ọmọ kankan. Ẹ bá mi ṣe àmín sí èyí náà, kí ó ròkè.

Ẹ ṣeun. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.