Ẹni Tó Máa Ń Sin Àlejò Dé Títì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó rọra sun ún, Jayéọlá ò ní fẹ́ kí ojú yín wú. Èmi Ṣàíbù ni, ní Ayétòrò yìí lèmi àti olóògbé jọ dàgbà.

Ṣé ẹ ti ṣe àlejò rẹ̀ rí? Ẹ ní ẹ fẹ́ máa lọ, ó ti wọ sálúbàtà. Yóò sìn yín dé ìta, yóò sìn yín dé títì. Lọ́jọ́ kan ó sìn mí délé. Ojú tì mí, èmi náà sìn ín padà. Ó tún dìde, ó ní òun ń sìn mí lọ! Bámikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìwà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ rántí ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ́ńbásì wa lókè òkun, tí àwọn agbébọn há òun àti àwọn tó wá gba físà mọ́lé. Ìjọba wa bẹ̀bẹ̀, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀bẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í kí ara wọn jókòó ti tábìlì kan. Nígbà tó yá, àwọn agbébọn gbà: kí òṣìṣẹ́ jáde, kí àlejò ṣì dúró. Jayéọlá ní òun ò jáde.

Bámikẹ́ pariwo lórí fóònù: "Bàbá Ìbídùn, ẹ jáde! Ẹ̀mí yín ni wọ́n fún yín yẹn!"

Ó ní, "Ìyá Ìbídùn, ta ni yóò wá sìn wọ́n? Onílé kì í jáde kí àlejò ṣẹ́ kù sílé."

Olórí kunkun! Àdéhùn bàjẹ́. Ẹ̀rù bà wá. Àwọn aṣojú ìjọba bá tún padà sídìí ọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo wọn pọ̀, ó sì bọ́ sí i. A rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ bá mi kí ilé o." Òun ló kẹ́yìn. Ó tún bojú wẹ̀yìn, ó kí àwọn agbébọn pé ó dàbọ̀! Nígbà tó délé, Bámikẹ́ dì mọ́ ọn, ó ń bú u.

Obìnrin àjèjì tó jókòó ti Bámikẹ́ yẹn, ó wà lára àwọn àlejò ọjọ́ náà. Ó ní òun wá sìn ín.

Jayéọlá, ọ̀rẹ́ mi, àárò rẹ ti ń sọ mí. Ọjọ́ gbogbo lo fi sìn wá, ọ̀la, lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ, ló kan àwa láti sìn ọ́. Máa lọ ire, kí ọ̀nà là fún ọ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má yí padà pé o tún fẹ́ wá sìn wá o. A mọ ọ̀nà ilé.